Ọ̀rọ̀ tí Ó Bá Ẹgbẹ́ Búburú Rìn: Ìtumọ̀ àti Ìlò "Egregious"

Ká ní ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ kan ń fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ pinnu láti ka ìwé ìdágbére sí i létí ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí wọ́n sì yàn láti kọ ọ́ ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò dùn ún gbọ́, tí kò sì ní jẹ́ èyí tí ó wà lẹ́nu gbogbo ayé. Ó ṣí ìwé atúmọ̀ èdè àtijọ́ kan ní ilé-ìkàwé, ojú rẹ̀ bọ́ sórí "egregious", ó sì rí i pé ìtumọ̀ àkọ́kọ́ tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni ẹni tí ó ta àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ yọ. Inú rẹ̀ dùn. Ó kọ ọ́ sí ìlà kìíní: "You have been an egregious teacher." Ní ọjọ́ ayẹyẹ, níwájú àwọn òbí, àwọn olùkọ́ àti àwọn àlejò pàtàkì, ó ka ìwé náà sókè ketekete. Àwọn kan pàtẹ́wọ́. Àwọn tí wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa wo ojú ara wọn, nítorí ohun tí ọmọ náà sọ ni pé kò sí olùkọ́ tí ó tún burú tó ọkùnrin yìí. Ẹyin lohùn, bí ó bá balẹ̀, fífọ́ ni í fọ́.

Ta ni ó jẹ̀bi? Ìwé atúmọ̀ èdè kò purọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ náà kò ya ọ̀lẹ, ó sì ṣe ohun tí olùkọ́ rẹ̀ kọ́ ọ pé kí ó máa ṣe bí ọ̀rọ̀ bá ṣòro: ó lọ wo ìtumọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀ ó fi ọ̀rọ̀ ìyìn bú ẹni tí ó fẹ́ràn. Ohun tí ó fa èyí ni ìjíròrò yìí dá lé lórí, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni ó kàn.

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe ni "egregious". Sílébù mẹ́ta ni ó ní. Sílébù kejì ni ohùn ti máa ń rinlẹ̀, fáwẹ̀lì ibẹ̀ sì gùn gẹ́gẹ́ bí ti inú "green". Ìparí rẹ̀ dún bí ìparí "religious". Ẹni tí ó bá ti lè pe "religious" bó ṣe yẹ, kò ní ìṣòro púpọ̀ mọ́. Nítorí pé fáwẹ̀lì ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, "an" ni í ṣáájú rẹ̀, kì í ṣe "a". Ọ̀rọ̀ àpọ́nlé tí ó ti ara rẹ̀ jáde ni "egregiously".

Láti inú èdè Látìnì ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú un. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ jẹ́ àgbẹ̀ àti darandaran kí wọ́n tó di jagunjagun tí ó gba ilẹ̀ káàkiri, èdè wọn sì kún fún ọ̀rọ̀ ẹran ọ̀sìn. "Grex" ni wọ́n ń pe agbo ẹran. Bí wọ́n bá fi àfòmọ́ tí ó túmọ̀ sí "jáde kúrò nínú" ṣáájú rẹ̀, a di "egregius", èyíinì ni èyí tí ó yọ jáde láàrin agbo. Ọ̀rọ̀ agbo yìí kan náà ni ó wà nínú "congregation", àwọn tí a kó jọ sínú agbo. Ó wà nínú "segregation", yíyà sọ́tọ̀ kúrò nínú agbo. Ó sì wà nínú "gregarious", ẹni tí kò lè ṣe kí ó má wà láàrin agbo. Ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n ní ọ̀kan ti mọ̀ ọ́n ní gbogbo wọn, ó kéré tán ní ti ìhun.

Ìyìn gidi ni "egregius" jẹ́ lẹ́nu àwọn ará Róòmù. Àgùntàn tí ó sanra jù, tí irun rẹ̀ ń dán, ni ojú darandaran máa ń tètè bá láàrin ogún tàbí ọgbọ̀n. Láti ara ẹran ni ó ti dé ara ènìyàn, ó sì di oyè: ní àkókò tí àwọn ọba ńlá ń ṣe àkóso Róòmù, "vir egregius" ni wọ́n ń pe àwọn ìjòyè kan tí ó ń bójú tó owó àti ohun ìní ọba ní àwọn ẹkùn ilẹ̀ ọba náà. Àwọn èdè tí ó jẹ́ ọmọ bíbí Látìnì kò sì pa ìyìn náà tì. Ní ilẹ̀ Ítálì títí di òní, ẹni tí ó bá ń kọ lẹ́tà sí ẹni tí ó yẹ ní bíbọ̀wọ̀ fún lè bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú "Egregio Signore", ẹni tí ó gbà á kò sì ní fajú ro.

Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣìnà, bí a bá lè pe é ní ìṣìnà. Ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni ó wọ èdè náà, ìyìn ni ó sì kọ́kọ́ gbé wọlé. Nínú apá kejì eré Tamburlaine tí Christopher Marlowe kọ, èyí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1590, ọba kan lò ó láti fi pọ́n àwọn ajẹ́lẹ̀ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lé. Ṣùgbọ́n nínú Cymbeline, eré tí Shakespeare kọ ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ẹ̀gbẹ́ apànìyàn ni ọ̀rọ̀ náà wà: ọkùnrin kan tí ó gbà pé òun ti jẹ́ kí wọ́n pa aya òun tí kò ṣẹ̀ ni ó fi í pe ara rẹ̀ bí ó ti ń kẹ́dùn. Ìtumọ̀ méjèèjì jọ wà fún ìgbà pípẹ́, tí òǹkàwé ní láti wo ojú gbólóhùn kí ó tó mọ èyí tí òǹkọ̀wé ń sọ. Nígbà tí Samuel Johnson gbé ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ jáde ní 1755, ó to ìtumọ̀ méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, rere ṣáájú, búburú tẹ̀lé e. Ó sì ṣàlàyé pé èyí tí ó burú ni àwọn ènìyàn sábà ń lò. Èyí já sí pé ní nǹkan bí igba ọdún ó lé àádọ́rin sẹ́yìn, ìyìn inú ọ̀rọ̀ náà ti ń kú lọ. Àwọn atúmọ̀ èdè òde òní tí wọ́n ṣì ń kọ ìtumọ̀ rere sílẹ̀ máa ń fi àmì sí i pé ti àtijọ́ ni. Àmì kékeré yẹn ni ojú akẹ́kọ̀ọ́ máa ń fò, bí ìwé tí ó ṣí bá tilẹ̀ fi í síbẹ̀.

Báwo ni ìyìn ṣe ń di èébú? Àlàyé tí àwọn onímọ̀ máa ń ṣe jù ni pé ẹ̀fẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àwọn ènìyàn ń fi ọ̀rọ̀ ńlá náà ṣe yẹ̀yẹ́ ẹni tí kò yẹ fún un, bí ìgbà tí ìyá kan bá wo ọmọ tí ó fọ́ ìkòkò, tí ó ní, "O ṣeun, ọlọ́gbọ́n ọmọ!" Bí wọ́n bá sọ irú "o ṣeun" bẹ́ẹ̀ títí, tí wọn kò tún lo ọ̀rọ̀ náà fún ọpẹ́ mọ́, ìran tí ń bọ̀ lẹ́yìn kò ní mọ̀ pé ọpẹ́ ni tẹ́lẹ̀. Ìhun ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ gba ìyípadà yìí láyè, nítorí kò sọ ìdí tí ẹran kan fi yọ láàrin agbo. Èyí tí ó sanra jù yọ. Èyí tí èkúkú bò, tí ó ń tiro, yọ pẹ̀lú.

Kò yẹ kí èyí ṣe àjèjì sí ọmọ Yorùbá, nítorí irú rẹ̀ wà nínú èdè tirẹ̀. "Ògbólógbòó" ni kí ó kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Ohun tí etí ń gbọ́ nínú rẹ̀ kò ju gbígbó lọ: ẹni tí ó ti pẹ́ nídìí nǹkan títí tí ó fi gbó sínú rẹ̀. Gbígbó kì í ṣe àbùkù. Bí wọ́n bá gbé ọmọ tuntun lọ́wọ́, àdúrà tí wọ́n ń ṣe fún un ni pé kí ó gbó, kí ó tọ́. Síbẹ̀, bí agbóhùnsáfẹ́fẹ́ bá sọ pé ọwọ́ ọlọ́pàá tẹ ògbólógbòó kan lóru àná, kò sí ẹni tí yóò dá a dúró láti béèrè bóyá alágbẹ̀dẹ ni tàbí onílù. Olè ni, tàbí gbájú-ẹ̀, tàbí adigunjalè. Ọ̀rọ̀ náà ti bá wọn rìn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí òórùn wọn fi wà lára rẹ̀ bí wọn kò tilẹ̀ sí níbẹ̀.

Ẹ̀wẹ̀, "ògbóǹtarìgì" wà níbẹ̀. Òun àti "ògbólógbòó" jọ ara wọn ní ìró, ohun tí wọ́n sì ń sọ kò jìnnà síra: ẹni tí iṣẹ́ ti wọ̀ lára, tí kì í ṣe ọ̀gbẹ̀rì. Ṣùgbọ́n ògbóǹtarìgì akéwì, ògbóǹtarìgì oníṣègùn, ògbóǹtarìgì agbẹjọ́rò ni ó bá etí mu. Oníròyìn mìíràn a máa kọ "ògbóǹtarìgì olè", ó sì ń yé àwọn òǹkàwé. Bóyá kò mọ̀ pé òun ń bu ọlá díẹ̀ fún olè náà. Ẹni tí ó bá wá dìde ní ayẹyẹ ìdágbére tí ó ní, "Ẹ̀yin ni ògbólógbòó olùkọ́ wa", ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ onígẹ̀ẹ́sì yẹn ṣe gan-an ni ó ṣe. Kò sí olùkọ́ èdè Yorùbá tí ó nílò ìwé atúmọ̀ èdè láti mọ̀ pé gbólóhùn náà ti bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni "paraku". Ọ̀tá paraku wà, ọ̀mùtí paraku wà, òpùrọ́ paraku sì wà. Ṣùgbọ́n bí ènìyàn bá sọ pé "àlejò paraku" dé sí ilé òun, olùgbọ́ yóò bi í léèrè ohun tí àlejò náà ṣe. Bí wọ́n bá sì ní kí a tú ìhun Látìnì náà sí Yorùbá bí ó ti rí, "aláìlẹ́gbẹ́" ni ìbá súnmọ́ ọn jù, ẹni tí kò ní ẹgbẹ́ láàrin agbo. Ìyìn pátápátá ni "aláìlẹ́gbẹ́", Ọlọ́run Ọba ni wọ́n sì ń fi í kì. Ẹni tí ó bá tẹ̀lé gbòǹgbò nìkan nígbà tí ó bá ń ṣe ògbufọ̀ yóò fi oríkì Ọlọ́run ṣàpèjúwe ìwà ọ̀daràn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ ń rìn padà sí ìhà rere. Ohun tí ó ń dẹ́rù bani, tí ó jọ ti àwọn ará ọ̀run, ni "abàmì". Síbẹ̀ Abàmì Ẹ̀dá ni àwọn olólùfẹ́ Fela Aníkúlápó-Kútì ń fi tayọ̀tayọ̀ pe é. Nínú Gẹ̀ẹ́sì, "nice" tí gbogbo ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ń lò fún ohun dídára wá láti inú ọ̀rọ̀ Látìnì tí ó túmọ̀ sí aláìmọ̀kan. Àgùntàn tí ó bá ajá rìn yóò jẹ ìgbẹ́, ni àwọn àgbà wí. Bí ó bá sì jẹ́ ọmọlúàbí ni ọ̀rọ̀ kan ń bá rìn, òun náà lè di ọmọlúàbí.

Ẹgbẹ́ wo wá ni "egregious" ń bá rìn lónìí? Àṣìṣe, irọ́, ìrúfin, àṣìlò ipò, ìrẹ́jẹ, ìfìyàjẹni, àìbìkítà lẹ́nu iṣẹ́. "An egregious error", "an egregious abuse of office", "egregious misconduct". Ó lè ṣáájú orúkọ ohun náà, ó sì lè tẹ̀lé e: "His conduct was egregious." Ó lè bá orúkọ ènìyàn rìn bí orúkọ náà fúnra rẹ̀ bá ti ní àbùkù nínú, bí "liar" tàbí "offender". "An egregious man" kò fi bẹ́ẹ̀ já gaara, nítorí olùgbọ́ kò tíì mọ ẹ̀ṣẹ̀ ọkùnrin náà.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà kíyè sí i pé kì í ṣe gbogbo ohun búburú ni ó gba ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ẹni tí í pe ibà ní "egregious", tàbí ọ̀dá, tàbí ikú òjijì, bí ó ti wù kí wọ́n burú tó. Ó ní láti jẹ́ ohun tí ènìyàn ṣe, tí ìbá má ti ṣe. Bí odò bá kún tí ó gbé afárá lọ, àjálù ni. Bí ẹni tí wọ́n gbé owó afárá fún bá fi yanrìn lásán kọ́ ọ, "egregious" dé. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bi ni.

Ó sì tún ń béèrè agbo. Kí ènìyàn tó lè pe àṣìṣe kan bẹ́ẹ̀, ó yẹ kí ó lè fi àwọn àṣìṣe mìíràn tí ó jọ ọ́ wé e, kí èyí sì yọ láàrin wọn. Akọ̀wé tí ó gbàgbé àmì ìdánudúró kan nínú lẹ́tà ti ṣe àṣìṣe. Kò ṣe "egregious error". Akọ̀wé tí ó san owó oṣù ẹnì kan ṣoṣo ní ìgbà méjìlá láàrin oṣù kan, tí kò sì rí i, ṣe é. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ń pe gbogbo àṣìṣe ní "egregious" ti sọ gbogbo àgùntàn inú agbo di èyí tí ó yọ jáde, kò sì sí agbo mọ́.

Ìwọ̀n yìí kì í ṣe eré lọ́wọ́ àwọn adájọ́. Ó jẹ́ àṣà ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà láti tẹ̀lé ìdájọ́ tí àwọn aṣáájú wọn ti ṣe, bí àwọn adájọ́ tí ó wà lórí àga tilẹ̀ rò pé ìdájọ́ náà kò tọ́. Àìtọ́ nìkan kò tó láti fagi lé e. Ní 2020, nínú ẹjọ́ Ramos v. Louisiana, Adájọ́ Brett Kavanaugh to àwọn ìbéèrè tí ó yẹ kí wọ́n bi ara wọn kí wọ́n tó fagi lé ìdájọ́ àtijọ́. Ọ̀kan nínú wọn ni bóyá àìtọ́ ìdájọ́ náà dé ibi tí "egregiously" lè bá a mu. Ní oṣù kẹfà 2022, nígbà tí ilé-ẹjọ́ náà fagi lé ìdájọ́ Roe v. Wade ti 1973 lórí ọ̀ràn oyún ṣíṣẹ́, Adájọ́ Samuel Alito tí ó kọ èrò àwọn tí ó pọ̀ jù lo ọ̀rọ̀ àpọ́nlé yìí fún ìdájọ́ náà. Ó lò ó bákan náà fún Plessy v. Ferguson ti 1896, ìdájọ́ tí ó fàyè gba yíya àwọn aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ nínú ọkọ̀ ojú irin. Àwọn adájọ́ mẹ́ta kò gbà pẹ̀lú rẹ̀ lórí Roe. Ẹnikẹ́ni tí ó bá ní òtítọ́ nínú ìjà náà, ohun tí ó kan olùkọ́ èdè ni pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo di ìwọ̀n tí wọ́n fi ń ya ìdájọ́ tí kò tọ́ lásán kúrò lára èyí tí ó yẹ ní wíwó. Ó sì dùn mọ́ni láti rí i pé "segregation" tí wọ́n ń dá lẹ́bi nínú ọ̀ràn Plessy àti "egregiously" tí wọ́n fi ń dá a lẹ́bi, inú agbo àgùntàn kan náà ni wọ́n ti wá.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tí wọ́n máa ń ṣì mú fún un. "Notorious" ń sọ pé ayé mọ ẹni náà sí ibi. Ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀ kò lè jẹ́ "notorious", ṣùgbọ́n ó lè jẹ́ "egregious" níbi tí ó fara pamọ́ sí. "Flagrant" ń sọ nípa ẹ̀ṣẹ̀ ojútáyé, tí ẹni tí ó dá a kò tijú. "Gregarious" ni ó léwu jù, nítorí ìró rẹ̀ súnmọ́ tòótọ́: ẹni tí ó fẹ́ràn ẹgbẹ́, tí ara rẹ̀ yá mọ́ ènìyàn. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ṣi ọ̀kan pè fún èkejì, ó ti sọ ọlọ́yàyà di arúfin.

Ní yàrá ìròyìn, níbi tí wọ́n ti ń tú ìròyìn Gẹ̀ẹ́sì sí Yorùbá ní kíákíá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè dúró fún "egregious" níbi gbogbo. "Egregious liar" ni òpùrọ́ paraku. "Egregious error" lè jẹ́ àṣìṣe ńlá gbáà. Fún "egregious violation", ìrúfin tí ó burú jáì, tàbí èyí tí ó kọjá àfaradà, yóò ṣe é. "Ògbólógbòó arúfin" gba ìṣọ́ra, nítorí pé ó ń sọ pé arúfin náà ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ ibi, bẹ́ẹ̀ ẹni tí kò rúfin rí láyé rẹ̀ lè ṣe ohun tí ó jẹ́ "egregious" ní ọjọ́ kan ṣoṣo.

Ní ti ìwé ìdágbére, "outstanding" wà nílẹ̀. Ìtumọ̀ ìhun tirẹ̀ náà ni ohun tí ó yọ jáde, òun kò sì tíì kó ẹgbẹ́ búburú. "Distinguished" àti "eminent" wà pẹ̀lú.

Kí ògbufọ̀ sì ṣọ́ra bí ìwé bá wá láti òkèèrè. Ní Bùràsíìlì, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Potogí, ọ̀kan lára ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ tí àwọn agbẹjọ́rò fi ń pe ilé-ẹjọ́ nínú ìwé ẹ̀bẹ̀ ni "Egrégio Tribunal". Ilé-ẹjọ́ ọlọ́lá ni wọ́n ń wí. Bí irú ìwé bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ògbufọ̀ tí ó gbójú lé ìrísí ọ̀rọ̀, "Egregious Court" ni yóò kọ, agbẹjọ́rò tí ó wá bẹ̀bẹ̀ yóò sì ti bú adájọ́ kí ó tó sọ ohun tí ó bá wá.